Àwọn Ultra Ítálì: Ta Ló Ni Curva?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù Ítálì. Ó ti ń lọ bí ọ̀sẹ̀ kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jiyàn. Ó ní jàǹdùkú lásán ni gbogbo àwọn ultra, ìyẹn àwọn alátìlẹ́yìn paraku tó máa ń dúró sẹ́yìn góòlù, pé kí ìjọba tú wọn ká, kí kálukú jókòó jẹ́ẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Èmi ní bí wọ́n bá lé wọn, pápá á kú, a ò sì ní rí ohun tí à ń wò níbẹ̀ mọ́. Ló bá bi mí pé: báwo ni àwọn èèyàn tó kọrin yin Osimhen nígbà tó wà ní Napoli ṣe tún máa ń ké bí ọ̀bọ sí adúláwọ̀ tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ kejì? N kò rí èsì fọ̀. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kò síbi tí kò sí ẹni rere àti ẹni burúkú. Mo ti gbọ́ ìyẹn sú.

* * *

Ó dáa, n kò ní sọ ọ́. Mo gbé ní Genoa fún ìgbà kan, mo sì ti dúró láàárín wọn, ohun tí mo fojú rí ni màá fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Púpọ̀ nínú pápá ìṣeré Ítálì ló tẹ̀ kọdọrọ sẹ́yìn góòlù méjèèjì. Apá yẹn ni wọ́n ń pè ní curva. Èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bọ́ọ̀lù dáadáa níbẹ̀, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ló dínwó jù, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbà á. Ní 1968 àwọn kan lára alátìlẹ́yìn Milan dá Fossa dei Leoni sílẹ̀. Ní 1969 àwọn ti Sampdoria dá tiwọn sílẹ̀ ní Genoa, wọ́n fi orúkọ Tito Cucchiaroni sọ ọ́, ọmọ Ajẹntínà kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí, wọ́n sì fi "Ultras" ṣáájú orúkọ náà. Inter náà dá Boys sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Àsìkò ọ̀hún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń fi ẹ̀hónú hàn káàkiri Ítálì. Ìlù, àsíá ńlá, gbohùngbohùn, orin tí ẹnìkan ń dá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń gbè, ojú títì ni àwọn ọmọ yẹn ti kọ́ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ pápá. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn, torí pé láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ti wọ curva, ti ẹ̀yìn góòlù kan lè jẹ́ ti àwọn kọ́múníìsì bíi ti Livorno, ti òmíràn sì jẹ́ ti àwọn tó ń yin Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì àtijọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ Gradinata Nord, ibi tí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Genoa máa ń dúró sí ní pápá Luigi Ferraris, ẹni tí ojú mi kọ́kọ́ kàn ni ọkùnrin kan tó gorí irin, tó kẹ̀yìn sí pápá. Capo nìyẹn, olórí tó ń darí orin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí bọ́ọ̀lù fi parí, àwa ló ń wò. Bí orin bá rẹlẹ̀, á bú wa. Bí àtẹ́wọ́ bá fọ́n ká, á tún un tò. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ mí rí na etí àsíá sí mi, ó ní kí n dì í mú, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ orin sí mi létí kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n na Genoa lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó dákẹ́. Ẹ rántí pé 1924 ni Genoa gba líìgì kẹ́yìn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò rí i rí, bàbá wọn kò rí i, wọ́n ṣì ń kọrin.

Ẹni tó bá ní jàǹdùkú lásán ni gbogbo wọn, kò tíì dé ibẹ̀.

* * *

"Wọ́n ń pa èèyàn, ìwọ ń sọ̀rọ̀ àsíá."

Ẹni tó kọ èyí sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi kò parọ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1979, Roma àti Lazio fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Olimpico, pápá tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ní Róòmù. Vincenzo Paparelli, ẹni ọdún 33, wà ní Curva Nord pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 kan yin iná láti Curva Sud, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń yìn sókè tí wọ́n bá wà nínú ewu. Iná náà la gbogbo pápá kọjá, ó wọ Paparelli lójú, ó sì pa á. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn kan ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ní Róòmù láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ọmọ rẹ̀ lè rí i. Èmi ò mọ irú ìfẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 1995 ni wọ́n gún Vincenzo Spagnolo lọ́bẹ pa níta pápá ní Genoa, kí Genoa àti Milan tó gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 24 ni. Ọ̀dọ́ kan láàárín àwọn tó wá láti Milan ló gún un. Gbogbo eré ìdárayá ilẹ̀ Ítálì dúró ní Sunday tó tẹ̀ lé e. Àwọn olórí ultra láti ọ̀pọ̀ ìlú wá pé jọ sí Genoa, wọ́n kọ ìwé jáde pé ọ̀bẹ tó gẹ́ẹ́, pé ẹni tó bá yọ abẹ sí ènìyàn kì í ṣe ara wọn. Àwọn kan máa ń gbé ìwé yẹn jáde láti fi hàn pé àwọn ultra lè tún ara wọn ṣe. Mo gbà pé àwọn tó kọ ọ́ kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò kúrò nílẹ̀.

Ohun tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ tèmi yẹn kò mẹ́nu bà ni ti ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ náà kò sì lè yé wa láìsí i. Ọdún kan ṣoṣo ni, 2007. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, Catania àti Palermo pàdé, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níta, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Filippo Raciti, sì kú. Wọ́n ti gbogbo bọ́ọ̀lù Ítálì pa. Wọ́n ní pápá tí kò bá pé òfin kò gbọdọ̀ gba èrò. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ọlọ́pàá kan dúró ní apá kan òpópónà márosẹ̀ nítòsí Arezzo, ó yìnbọn sọdá sí apá kejì, ó pa Gabriele Sandri, ọmọ ọdún 26, alátìlẹ́yìn Lazio, tó jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n sún ti Inter àti Lazio síwájú, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù máa bá bọ́ọ̀lù lọ. Ní Bergamo, ibi tí Atalanta ti ń gbàlejò Milan, àwọn ultra fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ pápá títí wọ́n fi dá bọ́ọ̀lù náà dúró. Ní alẹ́, àwọn ultra ní Róòmù lọ kọlu àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ìjọba lọ́jọ́ náà ni pé, kí ló dé tí ikú ọlọ́pàá fi dá bọ́ọ̀lù dúró tí ikú alátìlẹ́yìn kò dá a dúró? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Kíkọlu àgọ́ ọlọ́pàá kò tọ́. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ ní ọlọ́pàá náà kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á, àfi nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìpànìyàn gidi, tí ó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 4. Láti ìgbà yẹn, ìkórìíra ọlọ́pàá ló kù tó so gbogbo curva pọ̀, ìbáà jẹ́ ti òṣèlú apá ọ̀tún tàbí ti apá òsì, ìbáà jẹ́ Roma tàbí Lazio.

* * *

Ẹnìkan bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń jà nítorí aṣọ lásán, ìyẹn àsíá gígùn tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀. Lójú wọn, àsíá yẹn ni ẹgbẹ́ gan-an. Bí ọ̀tá bá gbà á, òfin wọn ni pé kí ẹgbẹ́ tú ká. Fossa dei Leoni tí mo mẹ́nu bà, ẹgbẹ́ ọdún 37, tú ká ní 2005 lẹ́yìn wàhálà àsíá tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn àti àwọn ti Juventus. Ní oṣù Kejì 2023, àwọn ọmọ Red Star ti Belgrade wá ká àwọn Fedayn ti Roma mọ́ nítòsí Olimpico, wọ́n gba àsíá wọn, wọ́n gbé e lọ sí Serbia, wọ́n sì dáná sun ún nínú pápá tiwọn níṣojú gbogbo èrò. Láti 1972 ni Fedayn ti wà.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo ti rí ọkùnrin tó ti lọ́mọ nílé tó ń sunkún nítorí irú rẹ̀.

* * *

Ó yá, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n rẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe àwọn kan náà ni nígbà gbogbo. Ẹni tó máa ń kọrin fún Osimhen nígbà tó wà ní Napoli, àwọn ará àríwá máa ń kọrin sí òun fúnra rẹ̀ pé kí òkè oníná Vesuvius jó o run. Ó mọ bí ẹ̀gàn ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ṣì dúró, torí pé ẹgbẹ́ tó ní adúláwọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn tí wọ́n sì ń bú adúláwọ̀ ẹlòmíràn pọ̀.

Èsì tí àwọn ultra máa ń fọ̀ rèé, mo sì ti gbọ́ ọ létí mi: kì í ṣe ìkórìíra, ọ̀nà láti da ọkàn alátakò rú ni, bí a ṣe ń bú ẹni tó sanra la ṣe ń bú ẹni tó dúdú. Nígbà tí àwọn kan ní Cagliari ké bí ọ̀bọ sí Romelu Lukaku ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Curva Nord ti Inter, ìyẹn àwọn alátìlẹ́yìn Lukaku gan-an, kọ̀wé sí i ní gbangba lórí Facebook pé ó ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, pé ìyẹn kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Ítálì, pé wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ ni. Àwọn aráa tirẹ̀! Àjọ líìgì kò sì fìyà kankan jẹ Cagliari.

N kò gba èsì yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní 2001, Treviso ní ọmọ Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 18, Akeem Ọmọladé. Nígbà tó wọlé gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ultra Treviso fúnra wọn bú u, wọ́n ká àsíá wọn, wọ́n jáde kúrò ní pápá. Alátakò wo ni wọ́n ń da ọkàn rẹ̀ rú? Ọmọ tiwọn ni. Aṣọ tiwọn ló wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọmọladé fi dúdú kun ojú kí wọ́n tó jáde sí pápá, láti fi hàn pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn wà. Ọmọladé kú ní Palermo ní 2022, kò tíì pé 40 ọdún. Mo fẹ́ kí àwa tí à ń jẹ́ irú orúkọ tó ń jẹ́ rántí rẹ̀.

Ní 2005, Marc Zoro, ọmọ Ivory Coast tó ń gbá ẹ̀yìn fún Messina, gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà nígbà tí ìyà ẹnu àwọn ti Inter sú u, ó ní òun ń lọ. Ọbáfẹ́mi Martins wa, tó wọ aṣọ Inter lọ́jọ́ náà, àti Adriano ará Brazil, ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ẹ wo ipò tí wọ́n fi Martins sí: àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ló ń bú arákùnrin rẹ̀, òun náà ló sì tún ní láti pẹ̀tù sí i. Ní 2019, nígbà tí Mario Balotelli ta bọ́ọ̀lù sókè sí àwọn èrò ní Verona, Luca Castellini tó jẹ́ olórí níbẹ̀ bọ́ sórí rédíò, ó ní Balotelli kò lè jẹ́ ọmọ Ítálì pátápátá láé. Ẹni tí wọ́n bí sí Palermo. Verona fòfin dè é kúrò ní pápá títí di 2030. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bọ́ọ̀lù lásán ni, ṣé bọ́ọ̀lù ni ìyẹn?

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ìlú kan ni, ní àríwá, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo dúró sáàárín àwọn tó ti ra kọfí fún mi níta. Adúláwọ̀ kan gba bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, ariwo yẹn sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀, bóyá ìlà díẹ̀. Àwọn tó yí mi ká kò ké. Wọ́n kò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀kan wò mí, ó gbójú sílẹ̀. Nígbà tí Mike Maignan ti Milan kúrò ní pápá Udine ní oṣù Kìíní 2024 nítorí ariwo kan náà, ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn tó gbọ́ tí wọ́n dákẹ́ jọ ṣe é ni. Mo mọ ohun tó ń sọ.

* * *

Ọ̀pọ̀ ń bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò lé àwọn olórí yìí. Wọ́n ń bẹ̀rù wọn ni, wọ́n sì ti bá wọn jẹun pọ̀ tipẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé kí àlàáfíà lè wà, ẹgbẹ́ á fún olórí curva ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tàbí ti owó pọ́ọ́kú, òun á tà á ní ìlọ́po. Lẹ́yìn náà ó di ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó di ọtí, ó di aṣọ, ó di egbòogi olóró. Ẹni tó bá mọ agbèrò ní gáréèjì wa ti mọ bí eré náà ṣe ń lọ: kò ní mọ́tò, kò wa mọ́tò, ṣùgbọ́n mọ́tò kò ní kúrò níbẹ̀ láìsanwó fún un.

Juventus ni kí ẹ wò. Ní 2017, àjọ bọ́ọ̀lù Ítálì fìyà jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, Andrea Agnelli, lórí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tó ń dé ọwọ́ àwọn ultra. Máfíà Calabria tí wọ́n ń pè ní 'Ndrangheta ti ti ọwọ́ bọ òwò náà. Nígbà tí Juventus wá fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà lọ́wọ́ wọn, àwọn olórí curva ní àwọn kò ní kọrin mọ́. Ẹgbẹ́ fẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá sì kó olórí 12 ní oṣù Kẹsàn-án 2019. Ẹ gbọ́ apá tó kan ìbéèrè wa: agbẹjọ́rò ìjọba ní lára ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹgbẹ́ ni pé àwọn á kọ orin ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú pápá, kí wọ́n lè bu owó ìtanràn lé Juventus. Ní 2021 ilé ẹjọ́ dá olórí Drughi, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ ultra Juventus, lẹ́bi, ó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 8. Ariwo ọ̀bọ ti di ohun tí wọ́n fi ń gbowó. Ẹ tún wá sọ fún mi pé ọkàn alátakò ni wọ́n fẹ́ dà rú.

Ìlú Milan, ibi tí ẹgbẹ́ Inter àti ẹgbẹ́ Milan jọ wà, ló burú jù. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n yìnbọn pa Vittorio Boiocchi, olórí àgbà Curva Nord ti Inter, lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Inter ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ultra fipá lé gbogbo ẹni tó wà ní curva síta láàárín bọ́ọ̀lù, títí kan bàbá tó mú ọmọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn tó sì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Andrea Beretta, tó jẹ́ olórí nígbà náà, gún Antonio Bellocco, ọmọ ìdílé 'Ndrangheta, pa nínú ọkọ̀. Kí oṣù náà tó parí, ọlọ́pàá kó 19 nínú àwọn ultra Inter àti ti Milan pa pọ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀tá ni wọ́n ń ṣe ní pápá! Lábẹ́lẹ̀ wọ́n ti pín ìlú. Luca Lucci tó jẹ́ olórí ti Milan wà nínú wọn, ẹni tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Matteo Salvini, bọ̀ lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà ní 2018 níbi àjọ̀dún curva náà.

Genoa tí mo fẹ́ràn kò mọ́ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹrin 2012, Siena ti gbá góòlù 4 wọlé, àwọn ultra dá bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù bọ́ aṣọ sílẹ̀ torí wọn kò yẹ lẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Wọ́n bọ́ ọ. Giuseppe Sculli nìkan ló kọ̀, tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kórìíra ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá lè bọ́ aṣọ lọ́rùn agbábọ́ọ̀lù níṣojú gbogbo ayé ti kúrò ní alátìlẹ́yìn, ó ti di olówó ẹrú.

* * *

Arábìnrin kan bèèrè pé ṣé obìnrin lè dúró níbẹ̀. Obìnrin wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rí wọn, àwọn kan wà lára àwọn tó ń rán àsíá tí wọ́n sì ń gbé ìlù. Ní oṣù Kẹjọ 2018, àwọn kan pín ìwé ní Curva Nord ti Lazio pé ìlà iwájú kì í ṣe ti obìnrin, pé kí ìyàwó àti ọ̀rẹ́bìnrin lọ jókòó sẹ́yìn. Ariwo ta ní gbogbo Ítálì. Ó da ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti ń dúró síbẹ̀ láti kékeré lọ́kàn rú, wọ́n sì ní ìdí láti bínú.

* * *

Kí n tó gbàgbé, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí líìgì parí ní 1982, Genoa ta ọ̀mì 2–2 ní Napoli. Ọ̀mì yẹn ló gba Genoa là, òun ló sì ti Milan lọ sí ìpele kejì. Àwọn ti Napoli bá àlejò wọn yọ̀, láti ọjọ́ náà ni curva méjèèjì ti di ìbejì. Tí Napoli bá wá sí Genoa, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á pààrọ̀ súkáàfù. Ó di 2019 kó tó parí.

Ní Bergamo, nígbà tí kòrónà ń pa àwọn èèyàn lọ́pọ̀lọpọ̀ ní oṣù Kẹta 2020, wọ́n fẹ́ sọ gbọ̀ngàn ọjà ìlú di ilé ìwòsàn. Àwọn ultra Atalanta wà lára àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń kun ògiri, wọ́n ń gbé igi, títí ibùsùn fi wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ni ìjọba ti fòfin dè kúrò ní pápá. Ìlú yẹn náà ni Adémọ́lá Lookman wa gbé ife Europa lọ ní 2024, lẹ́yìn tó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi na Leverkusen ní Dublin. Nígbà tí mo rí Bergamo tó kún fún èèyàn tó ń yọ̀ nítorí iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá, inú mi dùn kọjá sísọ. Mi ò sì gbàgbé Ọmọladé.

* * *

Ẹnìkan láti London ní: "Kí wọ́n ṣe bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo èèyàn jókòó, wàhálà á tán."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London ẹ sọ fún wa iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ́. Lẹ́yìn ikú àwọn èrò tí wọ́n fún pa ní pápá Hillsborough ní 1989, Gẹ̀ẹ́sì mú kí gbogbo èèyàn jókòó, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ròkè títí ọmọ tálákà fi dẹni tó ń wo ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀ nílé ọtí. Pápá dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Jámánì dúró sí ẹ̀yìn góòlù títí dòní, tíkẹ́ẹ̀tì wọn kò wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé bọ́ọ̀lù wọn ti bàjẹ́. Jíjókòó kọ́ ni oògùn.

Ítálì ní òfin tó ń jẹ́ DASPO láti 1989. Ọ̀gá ọlọ́pàá lè fòfin dè ọ́ kúrò ní pápá láì tíì gbé ọ dé ilé ẹjọ́, o sì lè ní láti máa lọ tọwọ́ bọ̀wé ní àgọ́ wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó yọ ọ̀bẹ, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń ti curva odindi, tàbí kí wọ́n ní kí gbogbo ará ìlú kan má rìnrìn àjò lọ wo bọ́ọ̀lù. Ní 2010, mínísítà Roberto Maroni gbé káàdì alátìlẹ́yìn jáde, pé ẹni tí kò bá ní in kò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Àwọn ultra kọ̀ ọ́, mo sì mọ àwọn tí kì í ṣe ultra rárá tí wọ́n kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹrin 2023, tí Napoli ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ife, àwọn ultra rẹ̀ dákẹ́ jálẹ̀ bọ́ọ̀lù wọn pẹ̀lú Milan nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì àti nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ìlù àti àsíá wọlé. Milan fi 4–0 na Napoli nínú ilé ara rẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ láti òkè wá nìyẹn. Ìlù kọ́ ló pa Paparelli, àsíá kọ́ ló gún Spagnolo. Ìlù àti àsíá ni ìjọba rí mú, torí wọ́n rọrùn láti mú. Òwò tíkẹ́ẹ̀tì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí San Siro, pápá Inter àti Milan, ó gbà wọ́n títí di 2024 kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé bí wọ́n bá tú curva ká lónìí, ẹni tó ń tà á kò ní pàdánù, á wá ibòmíràn tà. Bàbá tó na àsíá sí mi ni kò ní rí ibi lọ. Ẹ gba òwò lọ́wọ́ wọn, kí ẹni tó ṣẹ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí réfírì fọn fèrè kí gbogbo ẹgbẹ́ méjèèjì sì wọlé lọ nígbà tí ariwo ọ̀bọ bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdánù èrè bọ́ọ̀lù bíi mélòó kan, àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ké á pa á lẹ́nu mọ́ fúnra wọn.

* * *

Sí ẹni tó ní òun ń lọ sí Ítálì lóṣù tó ń bọ̀, tó ń bèèrè bóyá kí òun wọ curva: wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ra tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ ara rẹ, kó sì bá ìwé ìrìnnà rẹ mu, torí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Dúró sí ẹ̀gbẹ́, kúrò níbi tí ìlù wà, àwọn tó ni ibẹ̀ ló ń dúró síbẹ̀. Má wọ aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn, kódà bó jẹ́ ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Fi fóònù sí àpò. Wọn kì í fẹ́ kí àlejò ya fídíò wọn, ọlọ́pàá sì ni wọ́n á rò pé ìwọ ń ṣiṣẹ́ fún. Tí wọ́n bá na àsíá sí ọ, dì í mú. Tó o bá gbọ́ ariwo yẹn, pe òṣìṣẹ́ pápá, sọ nọ́ńbà ìlà tó ti ń jáde, lẹ́yìn náà kí o gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Má ṣe dá ìjà sílẹ̀ nìkan níbẹ̀.